Ìbéèrè tí Kọ̀ǹpútà Bi Mí Lọ́jọ́rú

Ṣọ́ọ̀bù Fótò,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé iṣẹ́ kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tí wàá fi máa wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo mọ ìdí tí mo fi gba àdúrà yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín máa ń pa ọ́ tí mo bá pè ọ́ ní ọmọ mi, nítorí pé ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ọ́ lọ, a sì jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà lọ́dún tí mo tún kíláàsì kẹrin kà. Rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ọ́. Èmi ni àbúrò bàbá rẹ, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi wá sílẹ̀ ni mo ti di bàbá rẹ, a kò dìbò sí i. Bàbá ló ń kọ̀wé yìí, bàbá náà ló sì ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ara gbogbo wa le nílé. Ẹsẹ̀ ìyá àgbà ti san, ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà láti bú àwọn ewúrẹ́. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò, mo ti fi páànù tuntun sí i, mo fi ọwọ́ ara mi kàn án, kò jò mọ́ àyàfi tí òjò bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé bọ́tìnnì funfun tó rán ọ.

Dísíìkì tuntun tí o fi rán dírẹ́bà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò fọ́, omi kò kàn án. Mo tú u kúrò nínú bébà, mo yọ ti àtijọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí n lè fi wọ́n wé ara wọn, ibẹ̀ sì ni ẹnu ti kọ́kọ́ yà mí. Wọ́n wúwo bákan náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni bàbá rẹ fi kó àwòrán gbogbo ìlú yìí sínú èyí àtijọ́, àwọn ìyàwó, àwọn ọmọ tuntun, gbogbo kíláàsì ilé ìwé láti orí ọmọ jẹ́lé ó sinmi títí dé orí olùkọ́ àgbà, àti ọkùnrin alápatà tó ń ya tuntun lọ́dọọdún torí pé ó ní ojú òun ń yí padà. Èyí tuntun kò ní nǹkan kan nínú, síbẹ̀ kò fúyẹ́ jù ú lọ. N kò gba ọwọ́ mi gbọ́, mo kó méjèèjì lọ sórí òṣùwọ̀n alápatà. Ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró síbi kan náà. Alápatà bi mí pé èló ni mò ń ta kílò rẹ̀. Mo ní kò wà fún títà, ó ní kí n jẹ́ kí òun wọn ẹran àwọn èèyàn nígbà náà.

Ìwọ mọ ohun mìíràn tó wà nínú dísíìkì àtijọ́ yẹn. Ohùn bàbá rẹ, èyí tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń dán kámẹ́rà tuntun wò. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni, a kò sì ní òmíràn níbikíbi láyé. Láti ọdún méjì báyìí, ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìyá rẹ máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, yóò jókòó lórí àpótí táwọn oníbàárà máa ń jókòó lé ya fótò, yóò ní kí n tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti gbọ́ ọ tán, yóò dìde, yóò tún ìró rẹ̀ wé, yóò máa lọ. Kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé nítorí rẹ̀ lo ṣe ra dísíìkì tuntun, kí ohùn náà lè wà níbi méjì, kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Mo ka ìwé tí o fi mọ́ dísíìkì náà lẹ́ẹ̀mẹta. O ní nítorí pé méjì nínú àwọn ihò tí wọ́n ń ki wáyà dísíìkì bọ̀ lára pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà ti kú láti ìgbà tí òjò wọlé, kí n wo ìsàlẹ̀ pátákó náà, màá rí ihò méjì mìíràn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. O ní réèdì ni wọ́n ń pè é, pé àwọn tó fẹ́ so dísíìkì méjì pọ̀ kó máa ṣe bí ẹyọ kan ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n pé a kò nílò irú ìyẹn, ihò lásán ni kí n fi ṣe. Kí n fi tuntun sí ọ̀kan nínú wọn, kí n fi àtijọ́ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá sì bi mí ní ìbéèrè nígbà tó bá ń jí, kí n má dá a lóhùn, yóò rẹ̀ ẹ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Màá sọ òótọ́ fún ọ, ìwé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Èèyàn jókòó, ó ronú, ó ṣe ihò kan fún ìsopọ̀, ó kun ún ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ kí gbogbo èèyàn lè mọ̀, ìwọ wá ní kí n lò ó bí ihò lásán. Ó dà bí ẹni fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan ṣoṣo. Àyè tí àtijọ́ wà tẹ́lẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán, ìpẹtà sì wà níbẹ̀, mo wò ó pé ó ti ṣiṣẹ́ fún wa tó ẹni tí a ń gbé kúrò níbi tí òrùlé ti ń jò. Mo bá fi àwọn méjèèjì sí ihò aláwọ̀, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀. Àlejò ni tuntun, ó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, mo fún un ní ihò kìíní. Àtijọ́ jẹ́ onílé, mo ní kó sún sí ìkejì. Bí màá ti ṣe nìyẹn tó bá jẹ́ èèyàn méjì ló wọ yàrá mi tí àga tó dára sì jẹ́ ẹyọ kan. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà máa ń wo ẹni tó jókòó sórí àga.

Mo tan iná sí i láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ojú rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ funfun jáde lórí rẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè.

Dúró kí n ṣàlàyé kí o tó bínú. O ní tí kọ̀ǹpútà bá bi mí ní ìbéèrè kí n má dáhùn, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ń bi mí. Rántí ọjọ́ tí o wọ inú kọ̀ǹpútà yìí láti ìlú ńlá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ọfà kékeré ojú rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀, tí télọ̀ sá jáde tòun ti aṣọ oníbàárà lọ́rùn. Mo rò pé ìwọ náà ni. Mo ní ọmọ mi ti wọlé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá dísíìkì òun ti dé, nígbà wo ni mo sì kọ̀ láti dá ọ lóhùn rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ náà mọ olùkọ́ wa tí à ń pè ní Pàṣán-Kì-í-Sinmi. Ohun tó máa ń kọ sókè pátákó ní gbogbo ìdánwò ni pé kí a dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ibi tí ìwé mi bá ṣófo, ibẹ̀ ló máa ń nà jù. Ìdáhùn tó kùnà rí ẹgba méjì, òfo rí mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn. Ara mi kì í gbà á.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ṣé mo fẹ́ kí dísíìkì méjèèjì bára mu, kí ohun tó wà nínú ọ̀kan wà nínú èkejì. Ọmọ mi, gbé ara rẹ sí ipò mi. Ohun tí o rán mi gan-an nìyẹn, kí nǹkan wà níbi méjì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìkejì ni pé èwo ni kí wọ́n tẹ̀lé. Ó ti fi èsì sí i fúnra rẹ̀ pé ti ihò kìíní, ó kàn ní kí n fọwọ́ sí i ni. Mo fọwọ́ sí i. Ìkẹta wá jáde ní àwọ̀ pupa, ó gùn, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sì wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ibi tó ti sọ pé gbogbo, mo sì ní ó dára, gbogbo náà ni mo fẹ́, kó má fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ìyẹn dùn mí díẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí ló tún ń bi mí fún, ìwọ náà mọ̀ pé n kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì tẹ̀ ẹ́ gbọnmọ kí ó lè mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà. Ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Mo jókòó tì í, inú mi ń dùn, mo ń ronú bí màá ṣe kọ̀wé sí ọ pé mo ti ṣe é tán láìbi ẹnikẹ́ni. Ó dé orí méjì. Mo ní kí n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí n kò mọ̀ yẹn, kí n lè fi sínú lẹ́tà kí o mọ̀ pé mò ń kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Mo ṣí ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi ní ilé ìwé, mo ń fi ìka tẹ̀lé e, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tí mo rí i, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láti pa rẹ́.

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Mẹ́ta.

N kò lè sọ bí mo ṣe dé ara ògiri. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fa wáyà iná, wáyà náà sì bọ́ tòun ti sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú sìmẹ́ǹtì. Télọ̀ wọlé, ó bá mi ní ìjókòó lórí ilẹ̀, ó bi mí pé ṣé iná gbé mi ni. Mo ní rárá, pé èmi ni mo gbé nǹkan. Mo ti rí ọkọ̀ tó dojú dé, mo ti rí ilé tó jó, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mí kẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí èèyàn jókòó sórí àga pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kó máa pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́, kó sì máa kà á ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹ̀rọ náà kò purọ́ fún mi o. Mo ní kó jẹ́ kí méjèèjì bára mu, ó sì ń ṣe é. Òfo ló jókòó sí ihò kìíní, òfo náà ló ń kọ sínú ìkejì.

Mo yọ dísíìkì àtijọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rédíò, ìwọ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tún rédíò àti fáànù ṣe nídìí ibùdókọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá bi mí bóyá kọ̀ǹpútà na ìbọn sí mi ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun ti tún nǹkan ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, pé òun kò rí oníbàárà tó ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ tó báyìí rí. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó gba dísíìkì náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ó ń pa á rẹ́ láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ibi tó ti dé, ó ti lọ. Ibi tí kò tíì dé, nǹkan ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n mọ́, torí pé iwájú ni ìwé tó ń sọ ibi tí ohun gbogbo wà, ìwé yẹn sì ti ya. Ó ní kí n má tan án mọ́ láéláé, pé kí n gbé e fún ọmọ mi tó mọ̀ ọ́n. N kò lè pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kọ̀ọ̀kan, tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ tó ní hẹ̀lóò, màá gé e. Èmi náà ni, má bínú sí ilé iṣẹ́ fóònù.

Lọ́jọ́bọ̀ mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè, àní mo dáhùn àwọn àpótí ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ sí pé ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nìkan ni. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí ni mo kọ síbi tí òun yóò fọwọ́ sí, mo ní mo ti bá a fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ rẹ̀ lè fúyẹ́. Ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn. Níbi tí wọ́n ti bi mí pé kí ló wà nínú ẹrù, mo kọ ọ́ pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ohùn kì í ṣe ẹrù, kí n kọ irin. Mo ní irin kọ́ ni mò ń fi ránṣẹ́, tó bá jẹ́ irin ni, irin pọ̀ nílùú ńlá. Ó ní èló ni iye rẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa san tó bá sọ nù. Mo wo àpótí tí wọ́n ní kí n kọ iye sí, kò ju èékánná lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo fi àpótí sílẹ̀ ní òfo. Mo gba dísíìkì mi padà, mo bọ́ síta, àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè.

Òní wá ni ọjọ́ Ẹtì. Mo ti gbèrò láti sọ fún ìyá rẹ pé kò sí iná. Ṣùgbọ́n iná wà, ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ ń dún lódìkejì ògiri bí ẹni ń bẹnu àtẹ́ lù mí, n kò sì mọ irọ́ í pa, ìyá rẹ alára ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó kí mi, ó pè mí ní Ọkọ Kékeré bó ṣe máa ń ṣe, ó jókòó lórí àpótí. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlejò, onílé, bẹ́ẹ̀ ni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìkejì. N kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo rò pé yóò figbe ta, mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo rò pé yóò gbá mi létí, mo ti bọ́ fìlà.

Kò ṣe ọ̀kankan. Ojú rẹ̀ kàn dúró síbi kan, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ra ara wọn lórí itan rẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Ó wá bi mí pé mélòó ni nọ́ńbà náà dé kí n tó fa wáyà. Mo ní mẹ́ta. Ó ní nínú mélòó. Mo ní nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní ibo ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní Ọ̀gá Rédíò ní láti iwájú ni.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n gbé fìlà mi dé. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún ọdún mẹ́rìnlélógún, pé ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn, àwọn àlejò ti jẹun tán, wọ́n ti fọ àwo, kí ọkọ òun tó dé, tó sì ní bàtà lòun ń wá. Ọjọ́ tí òun bí ọ, o ti sunkún, o ti mu ọmú, o ti sùn, kó tó yọjú ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn. Ó ní ọkùnrin náà kò wà nínú ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ níbikíbi rí láyé rẹ̀, ìlà omi o, ìlà ìdìbò o, ìlà báǹkì o. Ó ní àfi tí ikú bá ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn, ẹ̀yìn náà ni ohùn rẹ̀ máa wà níbẹ̀, pé kí n jẹ́ kí ọmọ òun lọ wo ẹ̀yìn.

Ó tún ìró rẹ̀ wé, ó ní òun fúnra òun ni yóò gbé e wá fún ọ lọ́la, lórí itan òun, pé òun kò ní kọ fọ́ọ̀mù kankan. Òun ló wà níwájú rẹ báyìí tí o ń ka lẹ́tà yìí. Mo ti fi tówẹ̀lì méjì wé e, èyí àtijọ́ ni mo sàmì sí, tuntun wà nínú àpò kejì, má ṣe jẹ́ kí wọ́n tún súnmọ́ ara wọn. Fún un lómi kó o tó bi í ní ohunkóhun, kò tíì wọ ọkọ̀ jìnnà bẹ́ẹ̀ rí, yóò sì sọ fún ọ pé kò rẹ òun.

Jọ̀ọ́, fún un lówó ọkọ̀ ìpadàbọ̀, torí pé gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo fi san owó ọkọ̀ àlọ fún un. Tí díẹ̀ bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi owó sọ́kẹ́ẹ̀tì kan àti ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì kún un. Má fi í ránṣẹ́ sí báǹkì, ẹ̀rọ ara ògiri wọn náà máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè, èmi àti irú wọn sì ń sinmi fún ara wa ná.

Tí o bá rí ohùn náà, má ṣe pè mí lákọ̀ọ́kọ́. Gbé e sí ìyá rẹ létí, kó gbọ́ ọ bó ṣe máa ń gbọ́ ọ, má sì bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi dìde. Tí o kò bá sì rí i, sọ fún mi ṣáájú rẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi ni yóò sì sọ fún un.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ojú tó máa rí ohun tó wà lẹ́yìn. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n. Ọjọ́ tó dára ni yóò mú ìyá rẹ padà wálé, ẹ̀rín ni yóò sì bá wọlé.

Èmi ni,
Bàbá Kékeré.